Oje Máńgòrò Ara Ọkọ̀ Bàbá Ìbàdàn

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀ tí ó ń lọ sí Ẹdẹ, yóò la ìlú wa, Ṣẹ̀kọ̀nà, kọjá. Ìlú wa kò tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú títì ni ó wà, nítorí náà kò sí ọjọ́ kan tí a kì í rí ọkọ̀ oríṣiríṣi. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn ọkọ̀. Mo lè dúró ní etí títì láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, kí n máa wo bí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, kí n má sì rántí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọkọ̀ tí mo ti rí, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́, kì í sì í ṣe ìgbà tí ó ń sáré ni ó kọ́ mi. Ìgbà tí ó dúró sójú kan lábẹ́ igi ni. Ìtàn ọkọ̀ náà ni mo fẹ́ sọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1990 ni. Nígbà náà, àwa ará Ẹdẹ àti agbègbè rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nítorí pé ọdún 1991 ni a tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo àwa ọmọ ilé ń pè ní Bàbá Ìbàdàn nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wá kí wa nílé. Ọkọ̀ Peugeot 504 tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró ni wọ́n gùn wá. Ọkọ̀ yìí gbayì púpọ̀ láàrin àwọn òṣìṣẹ́ ní ayé ìgbà náà. Láti ọdún 1975 ni a ti ń to irú rẹ̀ pọ̀ ní Kàdúná, ní ọdún kan náà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen, èyí tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní ìjàpá, pọ̀ ní Èkó. Ọkọ̀ Bàbá Ìbàdàn ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi ara rẹ̀ ṣe dígí.

Iṣẹ́ ìjọba ń mú wọn lọ sí Kàdúná fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kò sì fẹ́ fi ọkọ̀ náà rin ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ bá ọ̀rẹ́ wọn kan wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣogbo. Wọ́n wí fún bàbá mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi ọkọ̀ yìí sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Bí mo bá dé, òun náà ni a ó fi gbé ìyàwó ní ọjọ́ Sátidé." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ìyàwó tí wọ́n ń wí. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ẹdẹ, gbogbo ètò ìgbéyàwó sì ti parí.

Lẹ́yìn èyí, Bàbá Ìbàdàn pè mí. Wọ́n fi aṣọ rírọ̀ kan lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ìwọ ni mo fi ọkọ̀ yìí ṣọ́. Láràárọ̀, kí o tó lọ sí ilé-ìwé, fi omi ṣan eruku ara rẹ̀, kí o sì fi aṣọ yìí nù ún. Má ṣe fi nǹkan líle kàn án." Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Inú mi dùn bí ẹni tí a fi jẹ oyè.

Igi máńgòrò ńlá kan wà ní iwájú ilé wa, tí bàbá bàbá mi gbìn. Nítorí pé oòrùn mú púpọ̀, bàbá mi ní kí a gbé ọkọ̀ náà sí abẹ́ rẹ̀ kí ó lè wà ní ìbòòji. Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ̀ nínú wa. Àsìkò tí máńgòrò ń pọ́n ni. Àbúrò mi kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ àbúrò ìyá mi tí ń gbé lọ́dọ̀ wa, kì í sọ̀kalẹ̀ lórí igi náà. Ìbejì ni, ó sì mọ igi í gùn, nítorí náà ni a fi ń pè é ní Ẹdun.

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí. Ní ọjọ́ kẹrin, mo sùn di ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ kedere, mo sì sáré lọ sí ilé-ìwé. Láti ọjọ́ náà lọ, mo gbàgbé ọkọ̀. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tí wọn yóò gbá ní Italy ní oṣù kẹfà ti sún mọ́lé, gbogbo ọmọdé ìlú ni ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá kọjá lára ọkọ̀ náà, mo máa ń wí fún ara mi pé, "Lọ́la ni n ó nù ún." Bí ọjọ́ mẹ́jọ ti kọjá nìyẹn.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ méjì kí Bàbá Ìbàdàn dé, mo mú aṣọ mi, mo lọ sí ìdí ọkọ̀. Ohun tí mo rí mú kí àyà mi já. Àwọn ẹ̀kán kéékèèké tí kò níye bo orí ọkọ̀ àti gíláàsì iwájú, eruku sì ti lẹ̀ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì burú jù. Oje igi ti kán síbẹ̀ ní ojú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti dì, ó sì le gbagidi bí ìlẹ̀kẹ̀. Mo fi aṣọ nù ún, kò kúrò. Mo fi èékánná họ ọ́, kò mira.

Ẹ̀rù bà mí. Dípò kí n lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́n jù mí lọ, mo wọ ilé ìdáná, mo mú ọ̀bẹ, mo sì bu eérú díẹ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn tí ìyá mi fi ń fọ ìdí ìkòkò. Mo fi ọ̀bẹ há oje kan, ó ta kúrò. Inú mi dùn. Mo há èkejì, ọ̀bẹ yọ̀, ó sì fa ìlà kan tí ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi sára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní kí n fi eérú àti kànìnkànìn pa ìlà náà rẹ́. Ńṣe ni gbogbo àyíká rẹ̀ ṣú, tí kò dán mọ́. Mo gbé ọ̀bẹ padà sí ipò rẹ̀, mo da eérú nù, mo sì jókòó sí ẹ̀yìn ilé bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi rí i. Wọ́n pe gbogbo wa jọ, wọ́n bèèrè pé ta ni ó ṣe é. Kí n tó mọ ohun tí n ó wí, obìnrin aládùúgbò wa kan ní, "Ta ni ìbá tún ṣe é bí kò ṣe Ẹdun? Òun ni kì í kúrò lórí igi. Ó ti sọ̀kalẹ̀ sórí ọkọ̀ ni." Bàbá mi kọjú sí Ẹdun, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni o gun igi lánàá?" Ọmọ náà dáhùn pé, "Èmi ni, Bàbá." Òtítọ́ ni ó sọ, nítorí pé lóòótọ́ ni ó gun igi. Wọn kò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kò ní bá wa lọ sí Ẹdẹ ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ilé ni yóò jókòó sí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé mọ ohun tí èyí jẹ́. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni a ti dá aṣọ fún Ẹdun, kò sì sí ọjọ́ kan tí kì í wo aṣọ náà. Ó dákẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Èmi náà dákẹ́. Ìdákẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú tèmi.

N kò rí oorun sùn ní òru náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ níta. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo sì rí iná fìtílà ní ìdí ọkọ̀. Mo jáde lọ. Ẹdun ni mo bá níbẹ̀. Ó gbé epo pupa díẹ̀ sínú ife kékeré kan, ó sì ń fi àkísà ẹ̀wù rẹ̀ tí ó ti gbó pa epo náà sí ojú oje lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ni ó bẹ̀ fún epo náà. Nígbà tí ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó ń kúrò!" Lóòótọ́, àwọn oje tí ó le bí ìlẹ̀kẹ̀ lánàá ti rọ̀ ní etí, àwọn mìíràn sì ti ṣí kúrò láìfi àpá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó nawọ́ sí ìlà tí mo fi ọ̀bẹ fà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n èyí kò kúrò. Mo ti fi epo pa á títí. Ṣé oje tí mo já ni ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀?"

N kò lè dá a lóhùn. Ọmọ tí ó jìyà nítorí ohun tí kò ṣe ni ó ń wá ọ̀nà láti tún un ṣe, èmi tí mo ṣe é sì wà lórí ẹní. Mo padà wọ ilé, mo kan ilẹ̀kùn bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí oorun tí mo sùn di orí ọ̀bẹ àti eérú.

Bàbá mi kò na ọwọ́ sí mi. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n pe gbogbo ilé jọ, títí kan aládùúgbò wa obìnrin. Níwájú gbogbo ènìyàn, wọ́n fa Ẹdun mọ́ra, wọ́n ní, "A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ṣi ẹjọ́ yìí dá. Má bínú, ọmọ mi. Ìwọ ni yóò jókòó ní iwájú ọkọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó." N kò tíì rí i rí kí bàbá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé. Ìtìjú tí ó mú mi ní àárọ̀ náà ju ìyà ẹgba lọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ bá Ìyá Àgbà, mo bèèrè ìdí rẹ̀ tí epo fi ṣe ohun tí ọ̀bẹ kò lè ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà ní ọmọdé, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin a máa se oje igi ọ̀pọ̀tọ́ àti ti àwọn igi mìíràn pọ̀ láti fi ṣe àtè, èyí tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ. Bí àtè bá mú ọwọ́ ẹni, omi kò ní í ràn án, ọṣẹ nìkan kò sì tó. Epo ni wọ́n fi ń pa á títí yóò fi rọ̀, lẹ́yìn náà ni wọn a tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ náà kò ha rí ìyá rẹ, tí ó ń fi epo pa ọwọ́ kí ó tó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà?" Mo ti rí i láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n n kò ronú sí i rí.

Bàbá mi rán èmi àti Ẹdun lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá kan tí ń kun ọkọ̀ ní ọ̀dà ní ẹ̀bá títì, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Ọlọ́dà. Wọ́n bá wa wá sílé. Wọn kò fọwọ́ kan oje kan rárá kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ara irin ọkọ̀. Ó ti ń gbóná. Wọ́n ní kí a ti ọkọ̀ kúrò lábẹ́ igi lọ sí ìbòòji ilé, kí a sì jẹ́ kí irin náà tutù, nítorí pé lórí irin gbígbóná, ohunkóhun tí a bá fi pa á yóò tètè gbẹ, yóò sì tún fi àbàwọ́n tirẹ̀ sílẹ̀.

Èkejì, wọ́n fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ tí kò le fọ gbogbo ọkọ̀. Wọ́n ní eruku ojú ọ̀nà wa jẹ́ yanrìn, bí a bá sì fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọ̀dà, yóò fá a gẹ́gẹ́ bí ìwé yanrìn tí àwọn káfíńtà ń lò. Nígbà tí wọ́n ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, ohun ìyanu kan ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹ̀kán kéékèèké tí ó bo orí ọkọ̀ àti gíláàsì yọ́ lọ pátápátá. Àwọn ńlá orí bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó kù. Bàbá Ọlọ́dà ní, "Ẹ rí i pé oríṣi méjì ni? Èyí tí omi ń yọ́, ṣúgà ni. Èyí tí omi kò lè yọ́, oje gidi ni."

Ẹ̀kẹta, wọ́n ti aṣọ rírọ̀ bọ inú omi gbígbóná tí kò lè bó ọwọ́, wọ́n fún un, wọ́n sì gbé e lé ojú oje fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó lè rọ̀. Wọ́n wá fi òróró pa á, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Wọ́n ní epo pupa tí Ẹdun lò dára, ṣùgbọ́n òróró kò ní àwọ̀ pupa bíi tirẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi òwú nù ún láìtẹ̀ ẹ́, wọ́n tún pa òróró mìíràn, wọ́n tún nù ún. Oje márùn-ún ni ó kúrò bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin, fún àwọn tí ó ṣe agídí, wọ́n mú sípíríìtì díẹ̀. Wọn kò kọ́kọ́ fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n fi òwú tí ó ní sípíríìtì kan ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí ojú kò tó, wọ́n sì wò ó bóyá àwọ̀ ọ̀dà yóò bá òwú jáde. Kò bá a jáde. Wọ́n wá fi kan ojú oje, wọ́n nù ún kíá, wọ́n sì fi omi ṣàn án. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ fi tínà ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ohun tí a fi ń po ọ̀dà ni, ó sì lè bó ọ̀dà kúrò. Nípa ti pẹtiróòlù, wọ́n ní iná inú rẹ̀ kò mọ ọmọdé, kò sì mọ àgbà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kúrò, wọ́n tún fi ọṣẹ fọ ọkọ̀ náà, wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nù ún, wọ́n sì fi ìda pa á. Ìda yìí ni ó ń dáàbò bo ojú ọ̀dà, tí ohun tí ó bá kán sí i lẹ́yìn ọ̀la kò fi ní í tètè wọlé. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kí iṣẹ́ náà tó parí. Èmi fi ọ̀bẹ ṣe tèmi fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo bèèrè nípa ìlà náà. Bàbá Ọlọ́dà tẹ̀ ba, wọ́n fi èékánná wọn kọjá lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n ní, "Gbogbo ọ̀dà ara ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju ewé ìwé kan tàbí méjì lọ. Bí èékánná kò bá há sínú ìlà, a lè kùn ún títí yóò fi dán. Èyí há èékánná. Ó ti kọjá ọ̀dà òkè. Àyàfi kí a tún gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì kùn." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ohun tí ó ti orí igi bọ́ sílẹ̀ pàápàá, ẹ̀sọ̀ náà ni a fi ń mú un kúrò."

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá, mo sì ti kọ́ nǹkan púpọ̀ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ igi náà. Bí a bá ya igi lára tàbí tí a já èso rẹ̀, oje ni ó fi ń dí ojú egbò. Ti máńgòrò tún le jù. Oje tí ń tú jáde ní ìdí èso nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já a lè jó awọ ara ènìyàn, ó sì máa ń sun èèpo máńgòrò fúnra rẹ̀ dúdú. Èyí tí ó lè jó ara ọmọ tirẹ̀, kí ni yóò ṣe ara ọkọ̀? Bí oòrùn bá pa oje, èyí tí ó lè fẹ́ lọ nínú rẹ̀ a fẹ́ lọ, èyí tí ó kù a so mọ́ ara rẹ̀, a sì le. Oje àwọn igi kan tí ó dì ní ayé àtijọ́ di ohun tí ó dà bí òkúta, tí wọ́n ń wà ní etí òkun Baltic ní ilẹ̀ Yúróòpù títí di òní. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 30 ọdún, a sì ń rí kòkòrò tí ó há sínú rẹ̀ láti ìgbà náà. Nítorí náà, kò yẹ kí ó yà mí lẹ́nu pé ọjọ́ mẹ́jọ pẹ́ jù.

Mo tún mọ ìdí rẹ̀ tí epo fi ràn án. Oje irú èyí kò bá omi rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń bá epo rẹ́, nítorí pé ìwà wọn jọra. Tápẹ́ńtáìnì tí àwọn kunlékunlé fi ń fọ ọ̀dà kúrò ní ọwọ́, láti inú oje igi pine ni a ti ń sè é jáde. Ìda tí ó dára jù tí a fi ń pa ara ọkọ̀, láti ara ewé ọ̀pẹ kan tí ń hù ní Brazil ni a ti ń rí i. Bí igi bá fi ọwọ́ kan kó àbàwọ́n bá ènìyàn, ó ń fi ọwọ́ kejì fún un ní oògùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀kán kéékèèké tí omi yọ́ lọ. Wọn kì í ṣe oje rárá. Kòkòrò kéékèèké kan tí ó funfun bí ẹni tí a da ìyẹ̀fun sí lára ni ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ewé máńgòrò, tí ó ń fa omi ara igi mu. Ìgbẹ́ rẹ̀ dùn bí oyin, ó sì máa ń kán sílẹ̀ bí ìrì. Ibi tí ó bá kán sí lórí ewé ni ohun dúdú kan ti máa ń hù, tí gbogbo igi yóò fi dà bí ìdí ìkòkò. Ilẹ̀ Éṣíà ni kòkòrò náà ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1982 ni a kọ́kọ́ kíyè sí i ní Togo àti Ghana, kò sì pẹ́ tí ó fi tàn dé Benin àti Nàìjíríà. Rastrococcus invadens ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Máńgòrò púpọ̀ ni kò so dáadáa mọ́ nítorí rẹ̀. Ní ọdún 1987, wọ́n mú irú agbọ́n kan tí ó kéré púpọ̀ wá láti India, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Togo. Inú ara kòkòrò náà ni agbọ́n yìí ń yé ẹyin rẹ̀ sí, ọmọ rẹ̀ a sì jẹ kòkòrò náà pa láti inú wá. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣẹ́gun rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967, wà lára àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà.

Bí mo bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo rí i pé àbàwọ́n mẹ́ta ni ó wà lára ọkọ̀ náà ní ọjọ́ yẹn. Kòkòrò ni ó ṣe ọ̀kan, ó sì bá omi lọ. Igi àti ọmọdé tí ń já èso ni ó ṣe èkejì, ó sì bá epo lọ. Èmi ni mo ṣe ẹ̀kẹta, òun nìkan ni kò lọ. Ẹdun nìkan ni a sì fẹ́ fi ìyà gbogbo rẹ̀ jẹ, nítorí pé òun ni ó kéré jù, òun ni a sì máa ń rí lórí igi.

Nígbà tí Bàbá Ìbàdàn dé, èmi fúnra mi ni mo mú wọn lọ sí ìdí ọkọ̀, mo fi ìlà náà hàn wọ́n, mo sì sọ ẹni tí ó fà á. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n bèèrè pé, "Àṣọ tí mo fún ọ ńkọ́?" Mo ní ó wà. Wọ́n ní, "Ó dára. Máa lò ó." Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n fi òdòdó bo bọ́nẹ́ẹ̀tì, a gbé ìyàwó lọ sí Ẹdẹ pẹ̀lú ìlù àti orin, Ẹdun sì jókòó ní iwájú nínú aṣọ tuntun rẹ̀, ó ń juwọ́ sí gbogbo ẹni tí ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà.

Bàbá Ìbàdàn kò tún bọ́nẹ́ẹ̀tì náà kùn títí wọ́n fi ta ọkọ̀ náà. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá sí Ṣẹ̀kọ̀nà, èmi ni wọ́n máa ń pè láti nù ún, bí mo bá sì dé ibi ìlà náà, ọwọ́ mi a máa rọ̀ fúnra rẹ̀.